Bí ẹ ṣe lè gbé orin Sade Adu kalẹ̀ fún àwọn àgbà ilé yín

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà n'Ìkẹ́rẹ́, Màmá la máa ń pè wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Dìsẹ́ńbà ọdún tó kọjá mo gbé sípíkà lọ sílé wọn, mo ní kí wọ́n wá gbọ́ ohùn ọmọ ìlú wọn tí gbogbo ayé mọ̀, mo tẹ orin, orin bẹ̀rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí kálukú fi padà sórí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí wọra. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo tún un ṣe, àmọ́ mo yí ọwọ́ padà, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́. Bí mo ṣe ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kejì yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló máa lọ sílé lọ́dún yìí náà, Sade Adu sì yẹ lẹ́ni tó yẹ kí àwọn àgbà Èkìtì gbọ́ dáadáa.

Ẹ má tíì tẹ orin kankan o. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà á béèrè pé "ọmọ ta ni?" kó tó yá èèyàn létí, nítorí náà ẹ sọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Helen Fọláṣadé Adu lorúkọ ẹ̀, bàbá ẹ̀ ni Adébísí Adu, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá ẹ̀, Anne Hayes, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. London làwọn méjèèjì ti pàdé, wọ́n ṣègbéyàwó ní 1955, wọ́n sì jọ wá sí Nàìjíríà, Ìbàdàn ni wọ́n bí Ṣadé sí ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1959. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rin, bàbá àti ìyá tú ká, ìyá kó òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, Banji, padà sí Essex lọ́hùn-ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí lèèyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ ìlú mú yín sọ pé Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí i sí. Ìkẹ́rẹ́ ni ìlú bàbá ẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, Essex ló dàgbà sí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ òótọ́, ọ̀kan ò sì pa èkejì. Tẹ́ ẹ bá dé ibi orúkọ, ẹ pè é bó ṣe yẹ ká pè é, Fọláṣadé, ẹni tí wọ́n fi ọlá ṣe adé fún. Òyìnbó ń pè é ní "Shar-day", kò burú, àmọ́ nígbà tí Màmá gbọ́ Fọláṣadé gangan, wọ́n fà sún mọ́ mi lórí àga.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ má lo sípíkà ńlá tó ń dún gbì gbì gbì lóde ìnáwó, ohun tó bà á jẹ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Sípíkà kékeré tó mọ́ létí ti tó. Ẹ gbé e sórí tábìlì tàbí àpótí, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí ilẹ̀ àti ògiri máa ń fi kún béèsì, béèsì á wá bo ohùn mọ́lẹ̀. Ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń fi kún béèsì lórí fóònù yín. Ẹ dáńlóòdù orin sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí wọ́n ti jẹyán tán tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń wú ikọ́ nígbà tí orin ń lọ, ó ti tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tún yí i sókè mọ́.

Orin àkọ́kọ́, inú Diamond Life ni kẹ́ ẹ ti mú un, álíbọ́ọ̀mù tó jáde ní 1984. Smooth Operator dáa láti fi bẹ̀rẹ̀ torí ẹsẹ̀ á máa mì fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣàlàyé ní ṣókí pé kì í ṣe orin ló kọ́ níléèwé, fáṣàn ló kọ́ ní Saint Martin's ní London, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin lẹ́yìn nínú báńdì kan tí wọ́n ń pè ní Pride, inú ibẹ̀ lòun àtàwọn kan ti yọ jáde. Ẹ dárúkọ wọn, wọ́n yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ: Stuart Matthewman tó ń fọn sasofóònù tó sì ń ta gìtá, Paul Denman lórí béèsì, Andrew Hale lórí kíbọọ̀dù. Sade lorúkọ báńdì náà, kì í ṣe orúkọ obìnrin nìkan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà pa pọ̀ látìgbà yẹn, èyí wú àwọn àgbà lórí gan-an torí wọ́n mọ bí ẹgbẹ́ ṣe máa ń tú. Ẹ lè fi kún un pé ní 1985 ó kọrin ní Live Aid, òde orin ńlá tí wọ́n fi kówó jọ fáwọn tí ìyàn mú ní Ethiopia, ní Wembley, pé ní 1986 ó gba Grammy olórin tuntun tó dáa jù, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ má ka ẹ̀bùn tó gbà lọ títí, wọn ò wá síbẹ̀ torí ẹ̀bùn.

Tí orin bá ti ń lọ, ẹ kàn fi ọwọ́ tọ́ka nǹkan kan péré, ohùn ẹ̀. Kì í pariwo. Ohùn yẹn wà nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú yàrá, àwọn mẹ́ta yòókù sì ń fún un láàyè, béèsì á rìn jẹ́jẹ́ lọ, sasofóònù ò ní wọlé àfi tó bá ti sọ̀rọ̀ tán. Màmá ní, "Ọmọ yìí ò bá orin jà." Mo ti ń gbọ́ Sade láti kékeré, mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kan sọ ọ́ tó báyẹn.

Ọ̀rọ̀ gangan wá délẹ̀ yìí o, ohun tí mi ò ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì lorin yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ò sì ní gbọ́ ohun tó ń sọ, nítorí náà ẹ mú orin kan, ẹ sọ ìtàn inú ẹ̀ ní Yorùbá látòkè délẹ̀, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Pearls ni mo mú, ó wà nínú Love Deluxe, ti 1992. Mo ní, obìnrin kan wà ní Somalia, ó ń ṣa hóró oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye, oòrùn ò ṣàánú ẹ̀, ọ̀nà ilé jìn, ó ń rọra di hóró kọ̀ọ̀kan pamọ́ fún ọmọbìnrin ẹ̀ kékeré tó wà nílé. Ẹ̀gúsí ni Màmá ń bó lásìkò yẹn, igbá wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Mo tẹ orin. Ọwọ́ wọn dúró. Títí orin fi parí wọn ò bó ẹyọ kan sí i, hóró kan ṣì wà láàárín àtàǹpàkò wọn àti ìka kejì, wọn ò sì jù ú sígbá.

Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó wà nílùú òyìnbó, ẹ fi Immigrant tẹ̀ lé e, inú Lovers Rock ló wà, ti 2000. Ẹ sọ fún wọn pé ó dá lórí ẹni tó dé ilẹ̀ onílẹ̀ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú, orin náà tiẹ̀ fi í wé Jósẹ́fù inú Bíbélì, àwọn ìyá ìjọ á ti mọ ibi tó ń lọ. Àárín orin kan sí èkejì, ẹ fún wọn láàyè kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí fóònù máa yan orin fúnra ẹ̀ o.

Ẹnì kan á bi yín pé kí ló dé tí álíbọ́ọ̀mù ẹ̀ ò pọ̀. Mẹ́fà péré ni báńdì náà ṣe nínú stúdíò láti 1984 sí 2010, ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín Love Deluxe àti Lovers Rock, ó sì tún tó ọdún mẹ́wàá kí Soldier of Love tó jáde. Ó bímọ ní 1996, ó tọ́ ọmọ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ sì ti sọ pé ìgbà tóun bá ní nǹkan sọ lòun máa ń ṣe àwo. Síbẹ̀ nígbà tí ti 2010 yẹn jáde, ó lé ní 500,000 ẹ̀dà tó tà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn dúró dè é. Mo rò pé ohun tó yẹ kí àwọn ọmọdé ilé gbọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.

By Your Side ni kẹ́ ẹ fi parí, ìyẹn ò nílò àlàyé púpọ̀, ẹ kàn sọ pé ó ń sọ fún ẹnì kan pé òun ò ní fi í sílẹ̀.

Ẹ mú mẹ́mórì káàdì kan dání lọ. Nígbà tí mo fẹ́ padà s'Adó láàárọ̀, Màmá ní kí n fi "ti obìnrin tó ń ṣa oúnjẹ yẹn" sílẹ̀ fáwọn nínú rédíò wọn kékeré. Orin mẹ́ta péré ni mo fi sí i, torí tó bá ti pọ̀ jù wọn ò ní rí èyí tí wọ́n ń wá.