Bí ẹ ṣe máa kó ìwé owó oníbàárà yín bọ́ sínú Dolibarr

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ ṣe ìwé owó, ẹ mọ̀ pé orí Excel ni púpọ̀ nínú wọn ṣì wà. Èmi, Dolibarr, ètò kọ̀ǹpútà fún ìwé owó àti ọjà títà, ni mo máa ń gbé fún wọn, torí ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ sì wà ní gbangba, Faransé inú ẹ̀ sì mọ́ gaara fún comptable. Odoo tó jọ ọ́ náà dáa o, ṣùgbọ́n ìṣirò owó tó kún rẹ́rẹ́ wà nínú èyí tí wọ́n ń tà.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ mú. 1 oṣù kìíní ló dáa jù, ọjọ́ yẹn ni ọdún ìṣirò OHADA, àjọ òfin ìṣòwò àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kó ìwé ọdún mẹ́wàá wọlé jàre, ìyà lásán ni: báláǹsì àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn oníbàárà àtàwọn tó ń kó ọjà wá, àti facture tí wọn ò tíì san, ó tó. Ìwé àtijọ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tó dáa, òfin ní kó wà nílẹ̀ fún ọdún 10.

Ẹ ṣọ́ra fún IFU, nọ́ńbà owó orí oníṣòwò, o! Dígíìtì 13 ló ní, Excel sì máa sọ ọ́ di 3,2E+12, tẹ́ ẹ bá wá fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀ sínú CSV, fáìlì tẹ́ ẹ máa kó wọ Dolibarr, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù yẹn di texte kẹ́ ẹ tó lẹ nọ́ńbà kankan síbẹ̀.

Nínú Dolibarr, ẹ yan Bénin, owó XOF (fráǹkì CFA) láìsí santimu, TVA (owó orí ọjà) 18%, àti SYSCOHADA, ètò nọ́ńbà àkáǹtì OHADA: 411 fún oníbàárà, 401 fún àwọn tó ń tà fún wọn, 521 báǹkì, 571 owó ọwọ́. Àwọn ará Kétu tó ń ra ọjà ní Nàìjíríà, ẹ tan multidevise (owó oríṣiríṣi) fún wọn kí náírà lè wọlé, ṣùgbọ́n CFA ni ìwé máa wà.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni facture normalisée, ìyẹn facture tó ní kóòdù iléeṣẹ́ owó orí. e-MECeF, ètò iléeṣẹ́ owó orí Bénin tó ń fún facture ní kóòdù, ní API (ọ̀nà tí ètò kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀), ẹ kọ module (àfikún) kan tó máa gbọ́ BILL_VALIDATE, àmì tí Dolibarr ń ta tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí facture, tó máa fi facture ránṣẹ́, tó máa gba kóòdù àti QR padà wá tẹ̀ sórí ìwé. Module Builder tó wà nínú Dolibarr fúnra ẹ̀ máa bá yín ṣe egungun ẹ̀, inú htdocs/custom ni kó sì wà, ẹ má fọwọ́ kan kóòdù Dolibarr gan-an rárá, torí ọjọ́ tí ẹ bá ṣe mise à jour gbogbo ẹ̀ á pòórá. Facture tó bá sì ti gba kóòdù, kò ṣeé parẹ́ mọ́, facture d'avoir (facture tó ń dá owó padà) ni wọ́n fi ń tún un ṣe, torí náà ẹ ti bọ́tìnì ìparẹ́ pa, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa ń kánjú.

Oṣù àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ sí méjèèjì, tuntun àti ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á kùn, ẹ má dá wọn lóhùn. Tí oṣù bá parí, ẹ fi balance (àkópọ̀ àkáǹtì) méjèèjì síra, bó jẹ́ ọgọ́rùn-ún fráǹkì ló yàtọ̀, ẹ wá a rí kí ọjọ́ 10 tí wọ́n ń kéde TVA tó pé.