Bí owó orin tí wọ́n kọ lórí ìtàgé ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣẹ̀dá orin n'Ífẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya owó sọ́tọ̀. Owó tí aláriyá san, pẹ̀lú náírà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ olórin níwájú, ti àwọn tó ṣeré ni. Tiwa yàtọ̀. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn tàbí ẹni tó ṣètò eré ló yẹ kó gba ìwé àṣẹ, kó sì sanwó fún ẹgbẹ́ tó ń bá wa gba royalty, ìyẹn owó ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin. Ní Nàìjíríà, MCSN (Musical Copyright Society Nigeria) nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ akọrin kan bá kọ orin mi ní Oduduwa Hall nígbà tí èmi wà nílé, èmi ló tọ́ sí. Bí èmi náà bá kọ orin ẹlòmíì, tẹlòmíì ni.

Òfin ò mọ orin tó ṣì wà lágbárí. Ẹ kọ sol-fa rẹ̀ sínú ìwé, tàbí kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Kẹ́ ẹ wá forúkọ sílẹ̀ ní MCSN, kẹ́ ẹ sì forúkọ orin yín náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tiyín nìkan ò tó.

Ibi orúkọ orin ni mo ti máa ń fara balẹ̀ jù. Mo ní ọ̀kan tó ń jẹ́ “Òjò Àkọ́rọ̀”. Ọ̀gá akọrin kan kọ ọ́ ní “Ojo Akoro”, òmíì ní “Akoro Ojo”. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ ní MCSN bí orúkọ míì tí orin náà ń jẹ́, torí kọ̀ǹpútà ò lè méfò.

Ẹni tó bá yín kọ ọ̀rọ̀ orin, ẹ fẹnu kò lórí iye tó kàn án nínú 100 owó orin náà, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ẹni tó kàn lùlù tẹ̀ lé yín ò sí níbẹ̀; àmọ́ onígángan tó fi ìlù dá ègbè tí gbogbo ìjọ wá ń gbè, lójú tèmi, ó nípìn-ín. Bó bá jẹ́ orin ìbílẹ̀ lẹ tún tò, títò yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ pè ní tiyín.

Lálẹ́ eré, kí wọ́n tó ká wáyà, ẹ kọ setlist, ìyẹn ìwé tó máa jẹ́ kí MCSN mọ orin tẹ́ ẹ kọ: orúkọ orin, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, ìṣẹ́jú tó gbà, ọjọ́, gbọ̀ngàn àti ẹni tó pè yín. Àwọn bàǹdì wa kì í dáwọ́ ìlù dúró, orin mẹ́fà lè so mọ́ra wọn. Ẹ má kọ “medley” o! Ẹ tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú ìwé ìkéde eré náà pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá kọ orin yín ní Lọ́ńdọ̀nù, PRS, ẹgbẹ́ bíi MCSN, ló ń gbowó níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ASCAP àti BMI wà lára wọn. Ẹ bẹ akọrin tó wà lọ́hùn-ún kó kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé MCSN.

Òfin Copyright ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, ní ẹ̀tọ́ tẹ́ ẹ ní lórí orin yín ń bẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá orin. Nítorí náà, ẹ fi ibi tí fáìlì àwọn ìwé yìí wà han ọmọ yín kan.