Bí a ṣe ń fi kírẹ́díìtì káàdì gbádùn òtẹ́ẹ̀lì ńlá Las Vegas láì ta tẹ́tẹ́

Ilé tẹ́tẹ́ kì í ṣe ẹnikẹ́ni lóore lásán. Bí wọ́n bá fún èèyàn ní yàrá ọ̀fẹ́ ní Las Vegas, wọ́n ti ṣírò iye tó ṣeé ṣe kó pàdánù, díẹ̀ nínú owó ọ̀hún náà ni wọ́n sì fi ń ṣe é lálejò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ kan tẹ́tẹ́ rárá lè sùn ní òtẹ́ẹ̀lì Wynn, kó jẹun àárọ̀ láìsanwó, kó sì wà nínú yàrá rẹ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ tó ń padà sílé. Káàdì tó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ ló máa ṣe é.

Àwọn ará wa tó ń gbé ní Houston, Maryland, Atlanta àti New York lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń san owó gọbọi lọ́dọọdún lórí káàdì, tí àwọn àǹfààní inú rẹ̀ sì ń ṣòfò láìlò.

1. Ẹ mọ ohun tó wà nínú káàdì yín

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí American Express Platinum, torí òun ló bá Las Vegas mu jù. Láti ọdún 2025 ni owó ọdún rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti di $895. Lára ohun tí wọ́n fi ń rọ oníkáàdì lọ́kàn ni $600 lọ́dún fún òtẹ́ẹ̀lì: $300 láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, $300 mìíràn láti oṣù keje sí oṣù kejìlá. Wọn kì í kó owó náà lé yín lọ́wọ́ o. Ẹ máa fi káàdì náà san owó yàrá ṣáájú lórí Amex Travel, ìkànnì ìrìn-àjò American Express, wọ́n á wá yọ iye yẹn kúrò nínú gbèsè káàdì yín. Òtẹ́ẹ̀lì náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní Fine Hotels + Resorts, tàbí nínú ìkejì rẹ̀, The Hotel Collection. Alẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì kì í gbà á bí kò bá pé alẹ́ méjì.

Fine Hotels + Resorts gan-an ni ẹran inú ọbẹ̀ yìí. Ẹni tó bá gba yàrá níbẹ̀ á rí oúnjẹ àárọ̀ fún èèyàn méjì lójoojúmọ́, á rí $100 tí yóò ná nínú òtẹ́ẹ̀lì, wọn ò sì ní lé e jáde kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dájú. Méjì mìíràn wà tó jẹ́ pé àfi bí àyè bá wà: kí ẹ wọ yàrá láti aago méjìlá ọ̀sán, àti kí wọ́n gbé yín lọ sí yàrá tó dára ju èyí tí ẹ sanwó rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé méjì yẹn.

Ẹ má fojú kékeré wo aago mẹ́rin yẹn. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì Las Vegas sábà máa ń fẹ́ kí àlejò ti jáde ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, bẹ́ẹ̀ òru ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú tó ń padà sí ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ń gbéra. Ẹni tó ń lọ sí Baltimore tàbí Newark ní òru á máa wọ́ àpótí kiri láti ọ̀sán, nínú oòrùn aṣálẹ̀ Nevada. Èmi á gba wákàtí márùn-ún yẹn ṣáájú oúnjẹ àárọ̀.

Chase Sapphire Reserve ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Edit: $250 lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ fún èèyàn méjì àti $100 láti ná nílé náà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sun alẹ́ méjì kí ẹ tó lè gba $250 náà. $795 ni owó ọdún káàdì ọ̀hún. Capital One Venture X kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, $395 ni, ó sì ń dá $300 padà lọ́dún lórí ohun tí ẹ bá gbà ní ìkànnì ìrìn-àjò tiwọn, òtẹ́ẹ̀lì onítẹ́tẹ́ tàbí òmíràn. Bí ìkankan nínú wọn kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ má lọ gba káàdì $895 nítorí ọjọ́ méjì ní Las Vegas.

2. Ẹ mú ọjọ́ kí ẹ tó mú òtẹ́ẹ̀lì

Iye owó yàrá ní Las Vegas ń lọ sókè sódò bíi ti ọjà. Láti alẹ́ Ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀, ó sábà máa ń wálẹ̀. Alẹ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, ó fò sókè. Ẹ sá fún oṣù kìíní nígbà tí CES, ìpàtẹ ẹ̀rọ ìgbàlódé, bá wà nílùú, àti oṣù kọkànlá nígbà ìdíje ọkọ̀ Formula 1 tó padà síbẹ̀ lọ́dún 2023, àfi bó bá jẹ́ pé nítorí wọn ni ẹ ṣe ń lọ.

Níwọ̀n bí Fine Hotels + Resorts ti gba alẹ́ kan, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo ní ilé olówó ńlá lè dín owó kù ju òpin ọ̀sẹ̀ ní ilé tí kò tó o lọ. Ẹ má wá rò pé ẹ lè gba alẹ́ méjì ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé kan náà kí ẹ lè rí $100 lẹ́ẹ̀mejì. Bí wákàtí 24 kò bá tíì kọjá láàárín méjèèjì, ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n kà á sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sùn síbí lónìí tí ẹ sùn sọ́hùn-ún lọ́la, oúnjẹ tòun ti $100 á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

3. Ẹ ṣe ìṣirò náà dé ìsàlẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Yàtọ̀ sí owó yàrá, àwọn òtẹ́ẹ̀lì Las Vegas ń gba owó ọ̀ranyàn tí wọ́n ń pè ní resort fee, ẹ lo Wi-Fi àti ibi eré ìdárayá wọn o, ẹ ò lò ó o. Láti ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti mú kí wọ́n ka owó yìí mọ́ iye tí wọ́n ń polówó. Kò pa owó náà rẹ́. Ó kàn yọ ọ́ síta ni. Owó orí 13.38% ti àwọn ilé orí Strip, òpópónà àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá níbẹ̀, sì tún gorí méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní yàrá jẹ́ $250, kí resort fee jẹ́ $50. Owó orí lórí yàrá jẹ́ $33.45, ó di $283.45 tí ẹ máa san ṣáájú lórí Amex Travel. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ní òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń gba resort fee. Pẹ̀lú owó orí, $56.69 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ $340.14. $300 ti ìdajì ọdún á bo $283.45 náà tán, ó ku $56.69 tó máa jáde lápò yín, lẹ́yìn náà ẹ ṣì ní $100 àti oúnjẹ àárọ̀ láti jẹ.

Bí $300 yín bá ti tán ńkọ́? Ẹ wo iye tí òtẹ́ẹ̀lì náà ń tà á lórí ìkànnì tiwọn. MGM, Caesars àti Wynn, àwọn iléeṣẹ́ tó ń darí òtẹ́ẹ̀lì onítẹ́tẹ́ níbẹ̀, máa ń dín owó fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọ ẹgbẹ́ náà. Bí wọ́n bá ń ta yàrá $250 yẹn ní $180 fún ọmọ ẹgbẹ́, $70 ni ẹ fi ra oúnjẹ àárọ̀ àti $100 yẹn. Ó ṣì lè dára fún tọkọtaya tó fẹ́ jẹun dáadáa nínú ilé náà. Ẹni tó jẹ́ pé ìta ló ti máa lọ jẹ bọ́gà kò rí èrè kankan níbẹ̀.

4. Bí ẹ ṣe máa gba yàrá náà

Ẹ wọ ìkànnì Amex Travel pẹ̀lú àkáǹtì yín, ẹ kọ Las Vegas, kí ẹ wá ní kó fi àwọn ilé Fine Hotels + Resorts nìkan hàn yín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ yan sísan lójú ẹsẹ̀, torí ẹni tó bá yàn láti san ní òtẹ́ẹ̀lì kò ní rí $300 náà gbà. Ọjọ́ tí owó kúrò lórí káàdì ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ọjọ́ tí ẹ máa sùn. Ẹni tí àkókò ti fẹ́ tán mọ́ lọ́wọ́ lè sanwó ní ìparí oṣù kẹfà fún ìrìn-àjò oṣù kẹjọ. Bí ẹ bá fagi lé e lẹ́yìn náà, wọ́n á gba owó wọn padà.

Ẹni tó mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ máa ń fa òun lójú, kó wá ilé tí kò ní tẹ́tẹ́ nínú: Four Seasons, tó wà ní àwọn àjà òkè Mandalay Bay tó sì ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, tàbí Waldorf Astoria. Wọn kì í mu sìgá nínú wọn, èyí tí kò wọ́pọ̀ ní ìlú yẹn.

5. Ẹ so káàdì mọ́ ipò

Káàdì tún lè fún yín ní ipò, ìyẹn ìpele nínú ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà òtẹ́ẹ̀lì, ipò yẹn á sì bí ipò mìíràn. Amex Platinum ń fún oníkáàdì ní ipò Gold ní Marriott Bonvoy, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà òtẹ́ẹ̀lì Marriott, bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún un. Láti ọdún 2024 ni Marriott àti MGM ti jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ẹ bá so àkáǹtì méjèèjì pọ̀, Gold ti Marriott á di Pearl ní MGM. Pearl ń gbé ọkọ̀ sí Bellagio, ARIA àti àwọn ilé MGM yòókù láìsanwó, bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ gbé e. Ẹni tó fẹ́ Pearl lásán lè gba MGM Rewards Mastercard, tí kò ní owó ọdún.

Èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀ ni káàdì Marriott Bonvoy Brilliant, $650 lọ́dún. Platinum ló ń fúnni ní Marriott, ìyẹn á sì di Gold ní MGM. Gold ti MGM kì í san resort fee, àmọ́ lọ́dọ̀ MGM fúnra wọn ni kí ẹ ti gba yàrá. Caesars ní tiwọn bá Wyndham dòwò pọ̀, káàdì Wyndham Rewards Earner Business tó jẹ́ $95 lọ́dún sì ń fúnni ní Diamond ní Wyndham. Wọ́n máa ń yí òfin bí ipò Wyndham ṣe ń di ipò Caesars padà, nítorí náà ẹ ka èyí tó wà nílẹ̀ lórí ìkànnì Caesars kí ẹ tó gba káàdì torí ẹ̀.

Ẹlẹ́gbẹ́ Hilton lè lọ sí Resorts World, tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2021 pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì Hilton mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan. Hilton kì í gba resort fee lórí alẹ́ tí ẹ bá fi póńtì ẹgbẹ́ wọn nìkan san. Marriott máa ń gbà á.

6. Nígbà tí ẹ bá dé káńtà

Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì onítẹ́tẹ́ níbẹ̀ kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ní yàrá, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Wọ́n á dá owó kan dúró lórí káàdì yín fún ohun tí ẹ lè rà nínú ilé. Kírẹ́díìtì káàdì ni kí ẹ fi sílẹ̀. Lórí dẹ́bíìtì, owó yín gan-an ni wọ́n tì pa, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Kí ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó ranti èyí.

Àṣà àtijọ́ kan wà ní ìlú náà, tí àlejò á ká $20 sáàárín káàdì àti ìwé ìdánimọ̀ kó lè rí yàrá tó dára. Àwa tí a mọ ẹ̀gúnjẹ láti ilé kò nílò àlàyé. Ẹ kàn sọ fún wọn pé Fine Hotels + Resorts ni ẹ bá wá, kí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè bóyá yàrá tó wo ìta dáadáa wà. Ẹ béèrè ohun méjì mìíràn: ibi tí $100 ti ṣeé ná, àti bí oúnjẹ àárọ̀ ṣe ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, iye owó ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní $60 fún yàrá lójúmọ́. Ohun tó bá lé, tiyín ni.

Ohun gbogbo tí ẹ bá jẹ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí yàrá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ $100 náà. Ẹ má sì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú fíríìjì kékeré inú yàrá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé: bí ẹ bá gbé ìgò sókè pẹ́, wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ yín lọ́rùn.

7. Káàdì kò gbọ́dọ̀ dé ibi tẹ́tẹ́

$100 yẹn kò ṣeé fi ta tẹ́tẹ́. Bí ẹ bá wá fi kírẹ́díìtì káàdì gba owó tàbí ra ṣípù tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yáwó owó ni báńkì kà á sí: owó iṣẹ́ wà lórí ẹ̀, èlé sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò ní dúró de òpin oṣù. Kò tún mú póńtì kankan wá. Ẹni tó fẹ́ fi $40 ṣeré kó mú un ní owó ọwọ́ láti ilé, torí ẹ̀rọ ATM inú ilé tẹ́tẹ́ náà ń gba tirẹ̀.

8. Lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Kí ẹ tó jáde, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé owó yàrá ránṣẹ́ sí í-meèlì yín, kí ẹ wò ó bóyá $100 àti oúnjẹ àárọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ó rọrùn láti tún un ṣe ní káńtà ju lórí fóònù lọ. $300 ti báńkì ní tirẹ̀ máa ń hàn lórí àkáǹtì láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ̀wé sí wọn nínú ààpù, kí ẹ fi ọjọ́ tí ẹ sanwó àti orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà sí i.