Bí A Ṣe Ń Mọ Kátíríìjì Tí Ó Bá Ìbọn Pump-Action Àtijọ́ Mu

Ẹni tí ó bá ra ìbọn pump-action àtijọ́ ní Amẹ́ríkà (ìyẹn ìbọn tí a ń fa ọwọ́ abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn tí a sì ń tì í síwájú kí kátíríìjì mìíràn lè wọlé), tàbí tí ó jogún rẹ̀, yóò bá ìṣòro kan pàdé tí ọdẹ tí ń lo ṣakabùlà nílé kò mọ̀. Oníṣakabùlà fúnra rẹ̀ ni ó ń wọn etù, òun náà ni ó sì ń ki í, nítorí náà kò sí ohun tí ń jẹ́ gígùn kátíríìjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ń lo kátíríìjì ní ilé ọta, ìyẹn ihò tí kátíríìjì ń sùn sí lẹ́yìn ọ̀pá ìbọn, ilé yìí sì ní gígùn tirẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọjá.

Winchester Model 12 ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó pọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà títí di òní, ó sì wà lára àwọn ìbọn tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù lọ. Ọdún 1912 ni ó jáde, géèjì 20 nìkan (géèjì ni ìwọ̀n fífẹ̀ ihò ọ̀pá ìbọn) ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ kí ti géèjì 12 àti 16 tó tẹ̀lé e. Ilé ọta àwọn géèjì 20 àkọ́kọ́ jẹ́ íǹṣì 2½, ti géèjì 16 àkọ́kọ́ sì jẹ́ íǹṣì 2 9/16, ìyẹn nǹkan bí mílímítà 65. Kátíríìjì tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà lónìí fún géèjì méjèèjì jẹ́ íǹṣì 2¾, ìyẹn mílímítà 70. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tó láti ba ìbọn jẹ́.

Ohun tí ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé kátíríìjì gígùn yóò wọ inú ilé ọta kúkúrú wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbọn yóò sì pa dé. Ìdí rẹ̀ ni pé gígùn tí a kọ sára páálí kátíríìjì kì í ṣe gígùn rẹ̀ kí a tó yìn ín, bí kò ṣe gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín tán, tí ẹnu rẹ̀ tí a ká pọ̀ ti ṣí sílẹ̀. Níwájú ilé ọta, ihò ọ̀pá ìbọn máa ń fún wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí kátíríìjì bá gùn ju ilé rẹ̀ lọ, inú ibi tí ó fún yẹn ni ẹnu rẹ̀ yóò ṣí sí, yóò dí ọ̀nà mọ́ ọta àti òwú tí ó wà lẹ́yìn ọta, agbára iná etù tí kò rí ọ̀nà lọ bọ̀rọ̀ yóò sì ga ju bí ó ti yẹ lọ. Àmì rẹ̀ ni pé ìbọn yóò ta ni léjìká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹnu àpò kátíríìjì yóò fàya jákujàku, àpò náà yóò sì ṣòro fà jáde. Ẹ má ṣe dúró de àwọn àmì yìí kí ẹ tó wádìí.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìbọn ṣófo. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn, ẹ ṣí i, ẹ fi ojú wo ilé ọta àti túùbù abẹ́ ọ̀pá ìbọn, kí ẹ sì fi ìka kan wọ́n wò. Ẹ mú ìka kúrò níbi tí a ń fà pátápátá, nítorí pé Model 12, gẹ́gẹ́ bí Model 1897 tí ó ṣáájú rẹ̀, yóò yìn fúnra rẹ̀ bí ẹnìkan bá ti ìbọn pa dé nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kátíríìjì sì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ohun tí a tẹ̀ sára ọ̀pá ìbọn. Bí ẹ bá rí 2¾ níbẹ̀, ìròyìn rere ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣì wọ̀n ọ́n. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan ju iye géèjì lọ, ẹ má ṣe gbà pé ti òde òní ni. Ẹ tún fi nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ ara ìbọn wé èyí tí ó wà ní ìdí ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá Model 12 máa ń yọ, bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá sì dọ́gba, inú ìbọn mìíràn ni ọ̀pá náà ti wá, ọjọ́ orí ìbọn kò sì lè sọ gígùn ilé ọta rẹ̀ fún yín mọ́. Ìbọn géèjì 16 tí ó ti Jámánì wá máa ń rọrùn láti mọ̀, nítorí pé a sábà máa ń kọ 16/65 tàbí 16/70 sára rẹ̀.

Ìwọ̀n gan-an ni ó ń parí iyàn. Irin kan wà tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí àwọn tí ń ta irinṣẹ́ ìbọn ń tà, tí ìlà gígùn kátíríìjì wà lára rẹ̀. Ẹ yọ ọ̀pá ìbọn, ẹ nù ún mọ́ nínú nítorí pé ìdọ̀tí àtijọ́ lè ṣi ìwọ̀n, kí ẹ sì jẹ́ kí irin náà wọlé láti ẹ̀yìn láìfi agbára tì í. Ìlà tí ó bá dúró sí etí ẹ̀yìn ọ̀pá, níbi tí irin náà ti wọlé, ni gígùn ilé ọta. Bí ó bá wà láàárín ìlà méjì, ti kúkúrú ni kí ẹ mú.

Bí ilé ọta bá kúrú, ohun tí èmi yóò gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ ra kátíríìjì tí ó bá a mu. Wọ́n ń ṣe íǹṣì 2½ fún géèjì 16 àti 20 títí di òní, ó wọ́n díẹ̀ ju ti ọjà gbogbogbòò lọ, ṣùgbọ́n ìbọn yóò wà bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é, iye owó rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń kó ìbọn àtijọ́ jọ kò sì ní dín kù.

Bí ó bá pọn dandan kí ìbọn gba íǹṣì 2¾, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó ní ìwé àṣẹ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbígbẹ́ ilé ọta gùn sí i nìkan ni ó kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ihò tí àpò kátíríìjì ń gbà jáde lára ìbọn náà kúrú, àpò gígùn tí a ti yìn yóò sì há síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ yóò wọn nínípọn irin ọ̀pá kí ó tó fi ọwọ́ kàn án, nítorí pé irin tí ó bá ti fẹ́lẹ́ kò yẹ fún iṣẹ́ náà rárá. Ẹ bi í pé ibo ni yóò tẹ ìwọ̀n tuntun sí lára ọ̀pá, kí ẹni tí yóò gba ìbọn náà lọ́wọ́ yín lọ́la má baà máa méfò.

Títí iṣẹ́ yẹn yóò fi parí, ẹ kọ ìwọ̀n ilé ọta sára páálí kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ọwọ́ ìbọn, kí ẹ sì tì í mọ́nú àpótí irin níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, kí kátíríìjì wà ní àpótí ọ̀tọ̀.