Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ẹ̀sọ́ọ̀sì Píkọ́ọ̀pù Tó Ti Pẹ́

Ariwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀sọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ni píkọ́ọ̀pù, agbára tó fi ń gbéra pẹ̀lú ẹrù ló sì yẹ ká kọ́kọ́ rò. Ẹ̀sọ́ọ̀sì tí a fara balẹ̀ ṣe á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa, ohùn rẹ̀ á sì ki láìdi ẹnikẹ́ni létí. Èyí tí a kù gììrì ṣe á gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀, ó sì lè kó èéfín olóró wọlé bá ẹni tó ń wà á.

Ọ̀nà tí èéfín ń gbà rèé: ó ń ti inú ẹ́ńjìnnì bọ́ sí mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín gbogbo sílíńdà jọ, ó ń gba páìpù iwájú kọjá nínú kátálíìsì bí ọkọ̀ náà bá ní in, lẹ́yìn náà ló dé sàlẹ́ńsà tó ń dín ariwo kù, kó tó gba páìpù ìdí jáde. Láti ẹ̀yìn kátálíìsì ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kátálíìsì sílẹ̀ níbi tó wà. Òun ló ń pa oró inú èéfín kù kó tó jáde, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti fòfin de yíyọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin Clean Air Act ló kà á léèwọ̀. Bí ó bá ti dí, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mánífóòdù náà, bí kò bá sán, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bóòtù tó ti ń gbóná tó ń tutù láti ọdún gbọọrọ máa ń kán sínú orí ẹ́ńjìnnì, yíyọ kùkùté rẹ̀ sì lè pẹ́ ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ.

Kí ẹ tó ra páìpù

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rò pé bí páìpù bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára ọkọ̀ á ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èéfín gbọ́dọ̀ máa sáré nínú páìpù, kí èyí tó ṣáájú lè máa fa èyí tó tẹ̀lé e jáde nínú sílíńdà. Páìpù tó fẹ̀ jù á dín eré yẹn kù, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì máa yí kíákíá, ìgbà yẹn gan-an sì ni píkọ́ọ̀pù nílò agbára jù. Fún ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4, ínǹṣì 2 sí 2.25 ti tó. Onísílíńdà 6 á lo 2.25 sí 2.5. V8, ìyẹn onísílíńdà 8, tó ń lo páìpù kan ṣoṣo á lo 2.5 sí 3. Bí ọkàn yín bá pín sí méjì, ẹ mú èyí tó kéré.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti tẹ páìpù náà dáadáa. Bí igun rẹ̀ bá ti fún pọ̀, páìpù ínǹṣì 2.5 á máa ṣe bí èyí tó kéré sí i, owó yín á sì ṣòfò. Ẹ béèrè fún èyí tí ihò inú rẹ̀ ṣì rí roboto ní gbogbo igun.

Irin lásán ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ló ń tètè dógùn-ún. Irin tí wọ́n fi álúmíníọ̀mù bò máa ń pẹ́ jù ú lọ, òun ni mo sì fara mọ́ fún ọkọ̀ àtijọ́. Sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í tètè dógùn-ún, ní oríṣi. Oríṣi 409 lágbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Oríṣi 304 ló ń pẹ́ jù, òun ló sì wọ́n jù. Ẹ má ṣe lo páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò láé. Bí iná bá kàn án, èéfín síńkì máa ń fa ibà fún ẹni tó ń jó o.

Ní ti sàlẹ́ńsà, èyí tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá máa ń dún kíkankíkan. Èyí tí páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára gba àárín rẹ̀ já tààrà kì í dí èéfín lọ́nà, ṣùgbọ́n ó lè máa hó gùùù sí yín létí lórí eré ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bí ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ mú sàlẹ́ńsà gígùn. Ó ń pa ariwo yẹn ju kúkúrú lọ.

Títú ti àtijọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi epo tí ń wọnú ìpáàrà sí gbogbo nọ́ọ̀tì. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀sọ́ọ̀sì tutù pátápátá, ẹ fi nǹkan dí táyà tó wà nílẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e lé sítáǹdì irin lórí ilẹ̀ tó le. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ tú orí bátìrì.

Ẹ ya fọ́tò bí ohun gbogbo ṣe wà kí ẹ tó gé ohunkóhun. Bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀, ẹ mú un le díẹ̀ kí ẹ tó tú u. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wà lára páìpù tí ẹ fẹ́ gé, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà rẹ̀. Ẹ má ju àwọn irin tó ń gbé páìpù kọ́ nù, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà wọn.

Gbígbé tuntun kọ́

Ẹ má tíì fi iná jó ohunkóhun pọ̀. Ẹ gbé sàlẹ́ńsà àti páìpù kọ́ sórí rọ́bà wọn, ẹ ki ẹnu wọn bọ ara wọn ní bí ínǹṣì 1.5 sí 2, kí páìpù tó wà níwájú wọnú èyí tó wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Páìpù gbọ́dọ̀ jìnnà sí táǹkì epo, páìpù bíréèkì, wáyà àti táyà àfikún. Ó gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ínǹṣì kan jìnnà sí irin tí kì í mì.

Irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ máa ń gbéra sókè bí ọkọ̀ bá gbẹ́rù tàbí tó bọ́ sí kòtò. Páìpù tó gba orí rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa kan án gbàgbà-gbàgbà. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú máa ń mì lórí ìjókòó rẹ̀. Bí kò bá sí páìpù onírọ̀rùn tó lè tẹ̀ níwájú, jíjó gbogbo rẹ̀ pọ̀ gbagidi á jẹ́ kí ó sán láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù ìdí jáde lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, kó kọjá etí ọkọ̀. Ẹnu tó bá parí sábẹ́ ibi ìkẹ́rù á kó èéfín jọ, á sì máa wá ihò wọlé. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wà bó ṣe yẹ, ẹ fi iná jó o ní ẹyọ ẹyọ láti dì í mú, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó jó o yíká. Wáyà ilẹ̀ ti ẹ̀rọ ìjórin gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibi tí ẹ ń jó. Ohun èlò ìpaná kò gbọ́dọ̀ jìnnà. Bí ẹ kò bá mọ ìjórin ṣe, kílámpù náà á di ẹnu mú, tàbí kí ẹ gbé e lọ bá wẹ́dà.

Dídán an wò

Ìta gbangba ni ká ti tan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó bá ṣì tutù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi àkísà dí ẹnu ìdí díẹ̀, kí ẹlòmíràn máa tẹ́tí sí ṣíṣì-ṣíṣì ní gbogbo ojú ibi tí ẹ so pọ̀. Omi ọṣẹ á hó níbi tó bá ń jò. Èéfín funfun tó ń ti ara páìpù tuntun jáde lákọ̀ọ́kọ́ jẹ́ epo ara rẹ̀ tó ń jó; kò ní pẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ẹ ti wà á, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì mú le nígbà tó bá tutù. Bí ọkọ̀ náà bá ń lo kábúrétọ̀, ẹ yọ pùlọ́ọ̀gì wò. Bí orí rẹ̀ bá funfun, epo kò tó, kábúrétọ̀ nílò àtúnṣe. Bí ó bá dúdú bí ẹ̀dú, epo pọ̀ jù. Àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ pọ́n ni ẹ ń wá.