Bí Wọ́n Bá Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gbà Ọ́ Sílé-Iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Ńlá

Àbúrò, o kú oríire. Wákàtí tó o ti fò níbi iṣẹ́ àtijọ́ ti ṣe tiẹ̀: òun ló jẹ́ kí wọ́n gbà ọ́. Láti ọjọ́ tó o bá ti wọ kíláàsì, nọ́ńbà seniority, ìyẹn ipò rẹ lórí ìlà àwọn awakọ̀ bí ẹ ṣe dé tẹ̀ léra, ló kù. Òun ló máa sọ irú bàálù tó o máa wà, ìlú tó o máa fi ṣe ibùdó, ìgbà tó o máa gba ìsinmi àti ọdún tó o máa di captain. Kì í ṣe ẹni tó mọ bàálù wà jù ló ń kọ́kọ́ yan, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni. Bí wọ́n bá fún ọ ní kíláàsì méjì pé kó o mú ọ̀kan, mú èyí tó yá jù. Àwọn tó bá fi oṣù kan ṣáájú rẹ, iwájú rẹ ni wọ́n máa wà títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì.

Ibi tó yẹ kó o lo agbára rẹ sí jù ni flow, ìyẹn bí ọwọ́ ṣe ń ti orí bọ́tìnnì kan bọ́ sórí òmíràn láìwo ìwé, kẹ́ ẹ tó wá ka checklist, ìyẹn ìwé tí wọ́n to ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sí. Lẹ àwòrán cockpit, ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, mọ́ ògiri yàrá rẹ, níbi tí ọwọ́ rẹ á ti tó o. Gbé àga síwájú rẹ̀, jókòó, kó o máa fi ìka kan ohun kọ̀ọ̀kan, kó o sì máa pè é síta: bátìrì, epo, hydraulic. Bí ọwọ́ rẹ bá ń dúró de ẹnu rẹ, o ò tíì mọ̀ ọ́n. Tó bá ti ń yọ́, ní kí ẹnì kan máa bá ọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bó o ṣe ń ṣe é lọ. Ibi yòówù tó o bá ti gbàgbé, padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ méjèèjì ń pè síra wọn ńkọ́? Bí ilé-iṣẹ́ ṣe kọ ọ́ ni kó o pè é, má fi ti ibi iṣẹ́ àtijọ́ lú u. Ìwọ àti captain lè má tíì rí ara yín rí títí di wákàtí kan ṣáájú ìgbéra. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ kọ́ yẹn ni ẹ máa fi ṣiṣẹ́ pọ̀.

Lẹ́yìn simulator, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bíi bàálù, wàá fò pẹ̀lú check airman, ìyẹn awakọ̀ tí wọ́n fàṣẹ sí láti máa kọ́ awakọ̀ kó sì máa yẹ̀ wọ́n wò, èrò á sì wà lẹ́yìn yín. Ní Amẹ́ríkà níbi tí mo ti ń fò, òfin FAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, fẹ́ kó o kó wákàtí 100 jọ lórí irú bàálù náà láàárín ọjọ́ 120. Kó o tó pé 100 ọ̀hún, bí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ bá ju knots 15 lọ, captain ló gbọ́dọ̀ gbé bàálù gbéra, òun náà ló gbọ́dọ̀ gbé e balẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ check airman. Tètè sọ fún un, “Captain, mi ò tíì pé 100,” kẹ́ ẹ tó pín iṣẹ́.

Reserve ló kàn, ìyẹn kó o wà ní sẹpẹ́ kí wọ́n lè pè ọ́ síṣẹ́. Di àpò sílẹ̀, lọ aṣọ iṣẹ́, má jẹ́ kí fóònù jìnnà sí ọ. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gbé ìlú kan, wọ́n á máa wọ bàálù lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Èmi ò gba ẹni tuntun níyànjú ẹ̀, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́ tí owó kéré jù, tó o sì ṣì wà ní probation, ìyẹn ìgbà ìdánwò. Bó bá rẹ̀ ọ́ débi pé o ò lè fò, sọ ọ́. Òfin fúnra rẹ̀ ò gbà kó o fò bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tan tablet rẹ, gba àtúnṣe tuntun tó dé sórí ìwé ìlànà àti máàpù, kó o sì sọ charger sápò.