Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ Áísílándì ní Gẹ̀ẹ́sì láì da orí ẹ̀ rú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọmọ Áísílándì (Iceland, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní àríwá Yúróòpù) bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má sáré gbé "A for apple" fún un o, ẹ̀yin lojú máa tì. Wọn ò pọ̀, gbogbo ìlú ò ju nǹkan bíi 400,000 èèyàn lọ, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti wà létí wọn tipẹ́. Ọdún 1940 ni ṣọ́jà ìlú ọba já wọ ibẹ̀, nígbà tó di 1941 àwọn ará Amẹ́ríkà náà dé, wọ́n sì ní bárékè sí Keflavík, ìlú kan níbẹ̀, títí di 2006. Tẹlifíṣàn àti géèmù wá parí èyí tó kù. Ẹni tó wá bá yín yẹn ti ń sọ ọ́ dáadáa, ibi tó ti ń há ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó jọ tiẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀, àti àkànlò èdè.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn. "Kind" ní èdè Áísílándì, àgùntàn ni. "Barn", ọmọ ni. "List", iṣẹ́ ọnà ni. "Leg" ńkọ́? Ilé ọmọ tó wà nínú obìnrin ni! Tẹ́ ẹ bá wá kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé "she is kind but her leg is broken", ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ohun téèyàn bá ti fi rẹ́rìn-ín kì í tètè gbàgbé ẹ̀. "Ský" tiwọn, ìkùukùu ni, "sky" Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni o, àwọn Viking, ìyẹn àwọn atukọ̀ ajagun ayé àtijọ́ láti àríwá Yúróòpù tí èdè wọn ló bí èdè Áísílándì, ló gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Egg, knife, husband, títí kan "they" pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn Viking yẹn ló ti wá. "Window" gan-an, "vindauga" ni láyé àtijọ́, ojú afẹ́fẹ́ nìtumọ̀ ẹ̀, àwọn ará Áísílándì fúnra wọn wá ti pa á tì, "gluggi" ni wọ́n ń pe fèrèsé báyìí. Ẹ sọ èyí fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó rí i bó ṣe máa jókòó dáadáa.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí pé àwa àti wọn la jọ ń ṣubú síbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, "lána". Ẹ wo "yá" tiwa: mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀, "yá" kan náà ni. Tiwọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé "can you borrow me", tá a sì mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà tí ò tíì sọ "borrow me your biro" rí ò wọ́pọ̀. Ẹ má bá a ṣe gírámà, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi hàn án: ohun tó ń kúrò lọ́wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ ẹ ni "lend", èyí tó ń bọ̀ wá sọ́wọ́ mi ni "borrow". Bẹ́ẹ̀ náà ni "gera" tiwọn ṣe rí, ó kó "do" àti "make" pọ̀ bíi "ṣe" tiwa. Ẹ lè ní "make" ni tí nǹkan bá jáde níbẹ̀ téèyàn lè nàka sí, bíi tíì àbí ariwo, tí "do" sì jẹ́ iṣẹ́, bíi homework àti abọ́ fífọ̀. Ó máa ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi dé "make the bed", tí kò sí káfíńtà kankan níbẹ̀. Ìyẹn, ẹ ní kó kọ́ ọ sórí, kò sọ́gbọ́n míì.

Ẹ ṣọ́ra fún agogo o! "Hálf sjö" lédè wọn, tẹ́ ẹ bá tú u léyọ léyọ, half seven ni, àmọ́ aago 6:30 ló ń sọ. Ará ìlú ọba tó bá sì ní half seven, 7:30 ló ń sọ. Ẹ wá fi kíláàsì sí half seven, ọmọ ọlọ́mọ á ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan gbáko, á máa rò pé ẹ ti jẹ owó òun. Mi ò ní sọ bí mo ṣe mọ̀. Ẹ sáà máa fi nọ́ńbà kọ ọ́.

Tó bá wá kọ̀wé sí yín pé "send me the homework", láìsí jọ̀ọ́ láìsí ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọn ò ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ "please" bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lò ó, ọ̀nà míì ni wọ́n ń gbà bẹ̀bẹ̀. Orúkọ yín lásán ló sì máa pè, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ tó bàbá tó bí i lọ́mọ. Ààrẹ wọn gan-an, orúkọ lásán ni wọ́n ń pè é. Ó ń dun etí Yorùbá, mo mọ̀, àmọ́ kì í ṣe àfojúdi. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́ ọ ni pé nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìdílé ló ń tẹ̀ lé "Mr", torí Jónsdóttir tiwọn kì í ṣe orúkọ ìdílé, ọmọbìnrin Jón ló túmọ̀ sí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin á máa jẹ́ Jónsson.

Ó wá ku àkànlò èdè, ibẹ̀ niṣẹ́ pọ̀ sí. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ tíṣà ń ṣe ni pé wọ́n á mú "raining cats and dogs", wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ajá àti ológbò ti wá. Ẹ fi ajá sílẹ̀. Ẹ ṣàpèjúwe ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń sọ nílé tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó fún un ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Tòjò bá ń rọ̀ gidi, wọ́n á ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń dà á látinú garawa. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì, eṣinṣin méjì làwọn fi ìgbájú kan pa. Ẹni tó ra ọjà láì tú u wò, Gẹ̀ẹ́sì ní ó ra ẹlẹ́dẹ̀ nínú àpò, àwọn ní ológbò ni. Gẹ̀ẹ́sì ní òṣìṣẹ́ tí ò mọṣẹ́ ló ń bú irinṣẹ́ ẹ̀, àwọn tí wọ́n jẹ́ apẹja ní atukọ̀ tí ò mọ ọkọ̀ wà ló ń bú àjẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "windfall", ìyẹn oríire òjijì. Èso tí atẹ́gùn já fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àmọ́ igi eléso mélòó ló wà ní Áísílándì? "Hvalreki" ni tiwọn, àbùùbùtán tí òkun gbé wá sétí ilẹ̀, láyé àtijọ́ tí ebi ń pa wọ́n, irú ẹran bẹ́ẹ̀ á bọ́ gbogbo àdúgbò. Àbí kí lẹ rò pé a fi ń pè é ní àbùùbùtán?

Ẹ tún máa ṣọ́ èyí tí wọ́n ń gbé látilé. Á ní "I come from the mountains", ohun tó ń sọ ni pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Á ní "on with the butter", ìyẹn ni pé ká máa bá iṣẹ́ lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá parí tó ní àwọn mú ẹgbẹ́ kejì lọ sí ilé búrẹ́dì, wọ́n lù wọ́n bolẹ̀ ni o. Ẹ sọ fún un pé kó máa fi dá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lára yá, kó má kàn gbé e lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní London.

Ti ohùn ò le. "Z" á máa di "s" lẹ́nu ẹ̀, zoo á di soo, bíi tiwa náà. Àwọn ní "v", wọn ò ní "w", àwa ní "w", a ò ní "v", ẹ jọ máa tún ara yín ṣe. Àmọ́ tó bá kan "th", wọ́n ní lẹ́tà méjì fún un nínú ábídí wọn, þ àti ð, "think" á jáde lẹ́nu ẹ̀ geerege. Ibẹ̀ yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é ní "tink", ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ ọ lára ẹ̀.